Aṣọ Tí Sísọ́ọ̀sì Kò Gbọdọ̀ Kàn

Ṣọ́ọ̀bù Sherifdeen kò fẹ̀ rárá. Bí oníbàárà méjì bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú wọn ní láti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Inú ọjà kékeré kan tí wọ́n kọ́ sábẹ́ òrùlé kan ní Rye Lane, ní Peckham, ló wà: ẹni tó ń tún fóònù ṣe wà lápá ọ̀tún rẹ̀, obìnrin ará Ghana tó ń ta irun wà lápá òsì. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ránṣọ níbẹ̀. Síìpù tó bàjẹ́, ṣòkòtò tó gùn jù, yúnífọ́ọ̀mù tí ìyá rà tóbi ju ọmọ lọ kó lè pẹ́ lọ́rùn rẹ̀, jìlíbáàbù àwọn ọmọbìnrin mọ́sáláṣí, àti aṣọ ẹgbẹ́ akọrin àwọn ṣọ́ọ̀ṣì inú ilé ìkẹ́rùsí ní Old Kent Road, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Èmi fúnra mi, òun ló ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi, nítorí àwọn tó ń rán ṣòkòtò nílùú yìí rò pé gbogbo ọkùnrin ló ga bí igi àgbọn.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni Sherifdeen. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ó sanra díẹ̀, ó sì máa ń kun orin sínú imú bí máṣíìnì bá ń sáré. Àmínát, ìyàwó rẹ̀, ń tọ́jú àwọn aláìsàn ní ọsibítù kan ní Lewisham. Bí Àmínát bá ti ibi iṣẹ́ òwúrọ̀ dé, yóò gbé oúnjẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù, tọkọtaya yóò sì jẹun lórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Yusrah, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọ́fíìsì kékeré kan ní Kennington ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ti àwọn èèyàn tí iléeṣẹ́ ìwakùsà fẹ́ gba ilẹ̀ wọn lẹ́yìn. Bí a bá bi Sherifdeen ní mọ́sáláṣí pé iṣẹ́ kí ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe gan-an, á ní, "Ó ń bá wọn jà nítorí ilẹ̀."

"Ṣé lọ́yà ni?"

"Rárá o."

"Àbí kánsù ló gbà á síṣẹ́?"

"Rárá." Yóò wá rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà bá mi dúpẹ́ pé ó ń rí nǹkan ṣe."

Ní ọjọ́ Àtàlátà kan nínú oṣù karùn-ún, Yusrah mú àlejò wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Obìnrin àgbà kan ni, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n dúdú dáadáa, irun orí wọn funfun báláú. Jákẹ́ẹ̀tì Yusrah ni wọ́n wọ̀, nítorí òtútù London kò bá wọn lára mu. Wọ́n gbá nǹkan gígùn kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé mọ́ àyà, bí ẹni gbọ́mọ.

"Daddy, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Yusrah wí. "Àlejò wa tí mo sọ fún yín nìyí, Àǹtí Bethany. Yàrá mi ni wọ́n máa sùn, mo ti tell Mummy. Wọ́n ti wà nínú plane fún almost ọjọ́ kan gbáko."

Sherifdeen dìde, ó yọ téèpù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn bí ẹni ṣí fìlà. "Ẹ káàbọ̀, mà," ló wí, kó tó rántí pé òyìnbó ló yẹ kí òun sọ. Yusrah túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Màmá náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ ń pe àgbà obìnrin ní Àǹtí níbí náà? Níbi tiwa, Àǹtí ni gbogbo èèyàn ń pè mí, ẹni tí mo bá tan àti ẹni tí mi ò bá tan."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí ní Peckham," ni Sherifdeen fèsì.

Láti ìgbà náà, òyìnbó ni àwọn méjèèjì ń sọ síra wọn, òyìnbó Abẹ́òkúta pàdé òyìnbó Ọsirélíà, Yusrah a sì máa ṣàlàyé níbi tí kò bá ti yé ara wọn.

Wọ́n tú ohun tó wà nínú ọ̀rá. Aṣọ ni, aṣọ tó nípọn, ó gùn tó mẹ́tà mẹ́rin, ó sì fẹ̀ ju mẹ́tà kan lọ. Tábìlì Sherifdeen kò gbà á. Yusrah ní láti gbé etí kan jáde sí ojú ọ̀nà ọjà. Ọ̀dà pupa bí ilẹ̀, ọ̀dà funfun, ọ̀dà dúdú àti ọ̀dà àwọ̀ ìyeyè bíi ti inú ẹyin ni wọ́n fi kùn ún: ìlà tó ń yí bọ̀ bí odò, òbìrípo ńlá ńlá, àti àwọn àmì tín-ín-tìn-ìn-tín tó pọ̀ bí ìyẹ̀fun. Obìnrin ará Ghana fi irun tó ń tò sílẹ̀, ó wá wò ó.

"Ilẹ̀ wa rèé," ni Àǹtí Bethany wí.

Wọ́n fi ìka tọ́ka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ni odò ti bẹ̀rẹ̀. Ibí yìí ni adágún tí wọ́n ti ń pẹja. Òkè àpáta rèé tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí lábẹ́. Obìnrin mọ́kànlá inú ìdílé wọn ló kùn ún, olúkúlùkù kò sì kùn ju ibi tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ọmọ onílẹ̀ ni àwọn, Abọ́ríjínà, ní àríwá Ọsirélíà, àti pé iléeṣẹ́ kan tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní London yìí ti gba ìwé àṣẹ láti wa yùréníọ̀mù lẹ́bàá adágún náà láti ogójì ọdún ó lé.

Sherifdeen bi wọ́n pé kí ni yùréníọ̀mù ń jẹ́.

"Òkúta kan ni," ni màmá náà fèsì. "Wọ́n ń fi ṣe iná mànàmáná, wọ́n sì ń fi ṣe bọ́ǹbù. Bó bá sùn sínú ilẹ̀, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí ẹ bá jí i, omi tó ń ti ibẹ̀ wá ni àwọn ọmọ wa ń mu. Bàbá mi ni wọ́n kọ́kọ́ wá bá. Ó ní rárá. Wọ́n tún wá, ó tún ní rárá. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, mo ní kó yé wọn pé ẹnu mi ni wọ́n á ti máa gbọ́ rárá báyìí."

Iléeṣẹ́ náà kò tíì wa nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn. Ó ku ọdún kan kó parí, wọ́n sì fẹ́ kọ̀wé pé kí ìjọba sọ ọ́ dọ̀tun. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni gbogbo àwọn tó ní ìpín nínú iléeṣẹ́ náà máa ṣèpàdé ọdọọdún wọn. Ọ́fíìsì Yusrah ní ìpín díẹ̀, wọ́n rà á tìtorí kí wọ́n lè rán èèyàn wọlé lọ sọ̀rọ̀. Àǹtí Bethany ni wọ́n fẹ́ rán. Wọ́n fẹ́ kí Sherifdeen ṣẹ́ etí aṣọ náà tó ti ń tú, kó sì rán okùn sí i lórí, kí èèyàn méjì lè gbé e dúró nínú gbọ̀ngàn.

"Iṣẹ́ wákàtí kan ni," ni Sherifdeen wí. Ó fọwọ́ kan aṣọ náà bí télọ̀ ti í ṣe, láti mọ̀ bó ti nípọn tó, ó sì tètè yọ ọwọ́, nítorí ó ṣe é bíi pé ó tẹ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàyè.

Ọjọ́ méjì kọjá. Láàárín ọjọ́ méjì yẹn, Àmínát àti àlejò rẹ̀ ti di ọ̀rẹ́. Àmínát se ọbẹ̀ ẹja, Àǹtí Bethany sì fi orí ẹja sínú àwo tiwọn kí ẹnikẹ́ni tó fi lọ̀ wọ́n, wọ́n jẹ ẹ́ mọ́ tónítóní dé egungun. "Ọmọlúàbí ni màmá yìí," ni Àmínát sọ fún ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ orí ẹja jẹ, ìyàwó Sherifdeen kì í bi í léèrè ìwà mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àlàmísì, Yusrah sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ pọ́n. Àǹtí Bethany ń tẹ̀ lé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Daddy, company yẹn ti send email. No banner, no placard, nothing. Wọ́n ní àwọn máa gba gbogbo ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀la ni meeting!" Ó jókòó sórí àpótí. "Wọ́n mọ̀ pé a ń bọ̀. I'm so vexed."

Àǹtí Bethany fa jákẹ́ẹ̀tì mọ́ra. Ó hàn pé ó rẹ̀ wọ́n, pé ọ̀nà tí wọ́n rìn wá ti gùn jù láti tìtorí ìwé kan ṣoṣo pa dà.

Sherifdeen wo aṣọ náà tó ti ṣẹ́ létí, tó ká sórí pẹpẹ.

"Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọṣọ wá?" ló bi ọmọ rẹ̀.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe time for jokes."

"Mi ò ṣàwàdà. Bí wọn ò bá jẹ́ kí màmá gbé e, kí màmá wọ̀ ọ́."

Ojú Àǹtí Bethany là. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ Sherifdeen ti ń lọ síbi sísọ́ọ̀sì, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. "Má gé e," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Bí o bá gé e, inú adágún ẹ̀gbọ́n mi lo máa gé kọjá. Mi ò ní àṣẹ láti fún ọ láyè ìyẹn."

Sherifdeen gbé sísọ́ọ̀sì sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í. "Mo gbọ́, mà. A ò ní gé e. Àwọn ìyá wa ń ró ìró láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, kò sí ẹni tó gé ọrùn tàbí apá sí i." Ó gbé àpótí kékeré kan síwájú dígí. "Ẹ gun orí èyí."

Báyìí ni iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ró apá kan aṣọ náà mọ́ wọn ní ìbàdí, ó ṣẹ́ ẹ po níwájú kí wọ́n lè rìn, ó wá gba ìyókù kọjá lábẹ́ apá, ó gbé e lé èjìká òsì. Ó ń fi pínnì gún un bó ti ń lọ. Lẹ́yìn náà ló mú abẹ́rẹ́ ọwọ́ àti òwú funfun, ó ń rán an gọ̀ọ́rọ̀gọ̀ọ́rọ̀, ìránlẹ̀ tí kò le, irú èyí tí télọ̀ fi ń di aṣọ mú kó tó rán an dáadáa. Ìlà òwú méjì ló ṣe, ọ̀kan láti èjìká, ìkejì lẹ́yìn. Bí èèyàn bá já kókó orí ìlà kọ̀ọ̀kan, tó fa òwú náà, gbogbo aṣọ yóò tú sílẹ̀ gbalaja, kò ní sí ihò kan lára rẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Ibi tó ti ń ránṣọ ni màmá náà ti bi í léèrè. "Ìwọ ńkọ́? Níbo ni ilẹ̀ tìrẹ?"

"Nàìjíríà. Lẹ́bàá Abẹ́òkúta."

"Ìlú nìyẹn. Ilẹ̀ rẹ ni mo béèrè."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Sherifdeen. Yusrah, tó ń tẹ fóònù níbi ẹnu ọ̀nà, gbé ojú sókè.

"Abà Jínádù," ló wí níkẹyìn. "Jínádù ni bàbá bàbá mi. Àwọn òyìnbó kọ́ ló gbà á o, àwọn èèyàn wa ni. Bàbá mi kò mọ̀wé. Wọ́n mú ìwé wá bá a, wọ́n ní ọ̀nà ni àwọn fẹ́ là kọjá, kó tẹ̀ka. Ó tẹ̀ka. Òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa ni wọ́n fẹ́ fọ́, wọ́n fẹ́ fi òkúta rẹ̀ ṣòwò. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Tí wọ́n bá fi ẹ̀tù fọ́ òkúta lọ́sàn-án, àwo á máa mì lórí pẹpẹ. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ tí òkè náà fi di kòtò. Bàbá mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn dẹ́kun láti máa jókòó sẹ́yìn ilé, iwájú ló ń jókòó sí títí ó fi kú."

"Daddy, ẹ ò sọ eléyìí fún mi rí," ni Yusrah wí.

"O ò bi mí rí."

"Mo bi yín! Ẹ ní ẹ wá sí London torí work."

"Òótọ́ ni ìyẹn náà."

Àǹtí Bethany dúró lórí àpótí láì mira, pínnì yí wọn ká. "Kí lorúkọ òkè náà?" ni wọ́n béèrè.

"Òkè Ẹyẹlé."

"Odò ńkọ́?"

"Odò Atóyẹ̀. Ó ní ibì kan tó ti máa ń jìn, Ibú Sàlámọ̀ là ń pè é, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwẹ̀. Orí Ahoro sì ni oko ẹ̀gúsí ìyá mi, lápá ibi tí oòrùn ti ń là..." Ohùn rẹ̀ dẹ. Ó yà á lẹ́nu bí orúkọ wọ̀nyẹn ti jáde lẹ́nu rẹ̀ láìfọ́. Kò tíì pè wọ́n fún ẹnikẹ́ni láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti dé London.

"Ó dáa bí o ṣe ṣì mọ̀ wọ́n," ni màmá náà wí. "Má jẹ́ kí wọ́n bá ọ wọ sàréè."

Ohun tí wọ́n wí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sherifdeen fi etí ọwọ́ nu imú, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Kó tó dé ìdajì ìlà kejì, Jabez wọlé. Jabez ni olórí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Old Kent Road. Aṣọ akọrin méjìlá ló gbé fún Sherifdeen, fún àjọ̀dún tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Sunday, mẹ́fà péré sì ló ti parí.

"Uncle Sherif, ẹ ti ṣèlérí fún mi!" ni Jabez ń sọ láti ẹnu ọ̀nà. "Sunday yìí mà ni. Ṣé kí àwọn mẹ́fà wọṣọ tuntun, kí mẹ́fà tó kù wọ búláòsì ilé ni?"

"Ẹ má bínú. Mo máa fi gbogbo Sátidé parí ẹ̀. Iṣẹ́ pàjáwìrì ló wọlé."

"Pàjáwìrì kí ni?" Ìgbà yẹn ni Jabez tó rí màmá tó dúró lórí àpótí pẹ̀lú aṣọ pupa àti funfun lára. Ohùn rẹ̀ relẹ̀. "Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, aṣọ kí lèyí?"

Yusrah sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Jabez gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wo àpò aṣọ akọrin rẹ̀, ó wo Sherifdeen, ó wá mí kanlẹ̀. "Ẹ fún mi ní abẹ́rẹ́ kan," ló wí. "Ìyá mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ìṣẹ́tí. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ tèmi."

Ó jókòó síta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin ará Ghana, ó ṣẹ́ etí aṣọ méjì títí di àsìkò tí wọ́n fi fẹ́ ti ọjà. Lọ́jọ́ Sátidé, Sherifdeen tú méjèèjì, ó tún wọn rán, nítorí ìṣẹ́tí Jabez ń gun òkè ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọ̀nà oko. Kò sì sọ ọ́ fún un títí dòní. Ẹ̀yin tí mo ń sọ ọ́ fún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mú un mọ́ra.

Kò sí nínú ètò pé kí Sherifdeen lọ sí ìpàdé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò já òwú náà? Yusrah ní òun lè ṣe é. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fa òwú tí kò yẹ ní fífà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó bá kọ lẹ́tà kan ní ọ́fíìsì wọn, èyí tó sọ Sherifdeen di ọ̀kan nínú àwọn aṣojú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Sherifdeen tún aṣọ náà rán mọ́ màmá náà lára, ó wọ kóòtù tó fi ṣe ìgbéyàwó, àwọn mẹ́ta sì wọ bọ́ọ̀sì kọjá afárá lọ sí àárín ìlú. Àǹtí Bethany jókòó síwájú pẹ̀lú aṣọ wọn lọ́rùn. Ọmọdé kan fi ìka kan òbìrípo kan lára rẹ̀, ìyá rẹ̀ fẹ́ bá a wí, màmá ní kó fi í sílẹ̀.

Ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, àwọn ẹ̀ṣọ́ tú àpò gbogbo èèyàn. Ọ̀kan nínú wọn wo Àǹtí Bethany látòkè délẹ̀. "Aṣọ yín mà rẹwà o, mà," ló wí, ó ní kí wọ́n máa kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Sherifdeen, wọ́n rí sísọ́ọ̀sì kékeré tó fi ń já òwú nínú àpò kóòtù rẹ̀, wọ́n sì gbà á. Wọ́n fún un ní nọ́ńbà láti fi gbà á pa dà tó bá ń lọ. Sherifdeen sì ti di kókó òwú náà dáadáa láàárọ̀ kó má bàa tú nínú bọ́ọ̀sì.

Gbọ̀ngàn náà tóbi, ìjókòó rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lọ. Alága àti àwọn ọ̀gá yòókù jókòó sórí pèpéle. Wọ́n sọ̀rọ̀ èrè, wọ́n fi àwòrán hàn. Ó lé ní wákàtí kan kí wọ́n tó gba ìbéèrè. Yusrah na ọwọ́ títí apá fi ń ro ó. Nígbà tí wọ́n gbé makirofóònù dé ọ̀dọ̀ wọn, Àǹtí Bethany dìde. Wọ́n sọ orúkọ wọn, wọ́n sọ orúkọ bàbá wọn, wọ́n ní, "Ìbéèrè kan ni mo ní. Ogójì ọdún ni a fi ń sọ fún yín pé rárá. Ṣé ẹ máa tọrọ ìwé àṣẹ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i?"

Alága fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní iléeṣẹ́ wọn bọlá fún àwọn onílẹ̀, pé àwọn kò ní wa nǹkan kan láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i, pé ìwé lásán ni ìwé náà.

"Bó bá jẹ́ ìwé lásán ni," ni màmá náà wí, "ẹ jẹ́ kó parí. Ẹ kò tíì rí ibi tí mo ń sọ rí. Ẹ jẹ́ n fi í hàn yín." Wọ́n bojú wẹ̀yìn wo Sherifdeen.

Sherifdeen dìde. Ó tú kókó èjìká, ó fa òwú rẹ̀, ó yọ. Ó dé orí ti ẹ̀yìn, kókó kò tú. Ó fi èékánná yọ ọ́, kò tú. Àwọn èèyàn ti ń yíjú wò wọ́n, ẹ̀ṣọ́ méjì sì ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà," ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀, ó fi eyín já òwú náà bí gbogbo télọ̀ ti í já a nígbà tí ojú oníbàárà kò bá sí níbẹ̀.

Aṣọ náà tú. Ó yọ̀ wálẹ̀ láti èjìká, Yusrah mú etí kan, Sherifdeen mú ìkejì, wọ́n ń fà á lọ láàárín ìjókòó, ṣùgbọ́n ó gùn ju ọwọ́ àwọn méjèèjì lọ, àárín rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Obìnrin òyìnbó arúgbó kan tó jókòó ní ìlà iwájú wọn, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ rí, gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dìde, ó gbá àárín aṣọ mú. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e. Àǹtí Bethany dúró nínú búláòsì dúdú àti yẹ̀rì dúdú tí wọ́n wọ̀ sábẹ́, wọ́n ń fi ọwọ́ tọ́ka, wọ́n ń pe orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan ní èdè tiwọn. Wọn kò túmọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dé ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, alága gbé ọwọ́ sókè sí wọn pé kí wọ́n dúró. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló pàtẹ́wọ́ o. Ọ̀pọ̀ ń wo fóònù wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó pàtẹ́wọ́ ṣe é pẹ́.

Alága kò ṣèlérí kankan lọ́jọ́ náà. Ó ní àwọn máa gbé e yẹ̀ wò. Nígbà tí ìpàdé tú ká, ó wá bá màmá náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì ní kó wá kí àwọn nílé, pé àwọn máa sun ẹja fún un. Sherifdeen gba sísọ́ọ̀sì rẹ̀ pa dà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sáré bá ìrun Jímọ̀ ní mọ́sáláṣí kan nítòsí ibẹ̀, orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ kún fún eruku.

Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n bá pa dà sí Peckham, Yusrah mú fóònù jáde. "Daddy, ẹ tún names yẹn pè fún mi. Slowly."

"Odò Atóyẹ̀."

"Átòyè."

"Rárá. A-tó-yẹ̀. Àárín rẹ̀ ni kó lọ sókè."

Ó tún un pè, ó tún ṣì í, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó dé Rye Lane, ó ti kọ orúkọ mẹ́tàdínlógún sílẹ̀, ó sì ti ń pe bíi mẹ́wàá dáadáa. Lálẹ́ ọjọ́ Sunday, Àǹtí Bethany wọ ọkọ̀ òfurufú pa dà sílé.

Ó tó oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà. Ọ̀sán Sátidé ni, oòrùn mú gan-an, ilẹ̀kùn gbogbo ṣọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀. Oníbàárà kan tó ń jẹ́ Ọládọ̀tun dúró níwájú dígí, ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kan kún fún pínnì, nígbà tí Yusrah pe bàbá rẹ̀. Igbe ló ń ké, Sherifdeen kò tètè gbọ́ ohun tó ń wí. Iléeṣẹ́ náà tọrọ ìwé àṣẹ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjọba ibẹ̀ gbọ́ ẹnu àwọn onílẹ̀, wọ́n kọ̀ fún wọn. Ó ti parí. Wọ́n á fi ilẹ̀ náà kún ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa kùsà nínú rẹ̀. Ó gbé ohùn Àǹtí Bethany sétí bàbá rẹ̀ látinú fóònù mìíràn. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, àwọn ọmọdé ń pariwo lẹ́yìn wọn, ẹnì kan sì ń lu nǹkan bí agolo.

Sherifdeen gbé fóònù sílẹ̀. Ó jókòó.

"Uncle, ṣé kò sí wàhálà?" ni Ọládọ̀tun béèrè.

"Kò sí o. Wọn ò gba ilẹ̀ àwọn kan mọ́."

"Ilẹ̀ yín ni?"

"Àwọn ojúlùmọ̀ mi ni," ló wí, ó sì yọ pínnì tó kù kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọkùnrin náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ṣòkòtò yìí sílẹ̀, ẹ wá mú un ní Mọ́ńdè. Ẹ má bínú."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti bí ogún ọdún tó ti ń ránṣọ níbẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé. Ó pe Àmínát pé kó má se oúnjẹ. Wọ́n pàdé ní ẹnu pápá Peckham Rye, ó ra áísíkírìmù méjì, wọ́n sì jókòó sórí koríko lábẹ́ igi kan. Àmínát bọ́ bàtà iṣẹ́, ó na ẹsẹ̀. Ìgbà tí mo ń kọjá lọ ni mo rí wọn níbẹ̀. Mo ní, "Alhaji, ta ló ń ṣọ́ ilé ìránṣọ?"

"Ọlọ́run ni," ló fèsì, ó sì ní kí n wá jókòó.